Ọdún Kan fún Èdè: Kí ni TÖMER tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ Yín Kọ́kọ́ Ṣe ní Túrkì?

Ìyá kan pè mí lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti rí yunifásítì wọ̀ ní orílẹ̀-èdè Túrkì, iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kọ́. Ọjọ́ tí ìwé dé, gbogbo ilé ló yọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, wọ́n rí i pé ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìṣègùn rárá. Ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ "hazırlık" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọmọ mi wọlé ni àbí kò wọlé? Ọdún mẹ́fà ni éjẹ́ńtì sọ fún wa. Báwo ló ṣe wá di méje?"

Òun nìkan kọ́ ló ń béèrè. Bàbá kan rò pé ọmọbìnrin òun ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, wọ́n sì fi ọdún kan jẹ ẹ́ níyà. Ẹlòmíràn gbà pé éjẹ́ńtì ló fi ọdún kan kún un kó lè rí owó gbà sí i. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí ojú ń tì láti sọ nílé pé èdè làwọn ń kọ́, wọ́n á ní àwọn ti wà ní ọdún kìíní iṣẹ́ tí wọ́n wá kọ́. Èmi náà la ọdún yẹn kọjá. Kò sí ìyà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ọdún tó ṣòfò. Bí ọmọ bá ṣe lò ó ni ìyókù ọdún rẹ̀ níbẹ̀ ṣe máa rí.

Kí ni hazırlık, kí sì ni TÖMER?

Hazırlık túmọ̀ sí ìmúrasílẹ̀. Ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ èdè tí wọ́n máa fi kọ́ ọ níṣẹ́ ni, kó tó wọ kíláàsì iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ fi sọ́kàn pé oríṣi méjì ló wà. Bó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì náà fi ń kọ́ni, hazırlık Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Bó bá jẹ́ èdè Túrkì ni, hazırlık Túrkì ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

TÖMER ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò ní èdè Túrkì. Orúkọ náà jẹ́ ìkékúrú fún Türkçe Öğretim Merkezi, ìyẹn Ibùdó Ìkọ́ni ní Èdè Túrkì. Yunifásítì Ankara ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1984. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní tirẹ̀, orúkọ náà sì ti di ti gbogbo wọn, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo núdù ní Indomie. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun wà ní TÖMER, kò tíì sọ yunifásítì tó wà. Ẹ bi í pé ti ibo.

A1, B2, C1: kí ni lẹ́tà àti nọ́ńbà wọ̀nyí?

Àtẹ̀gùn ni wọ́n. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ṣètò wọn láti fi wọn ìmọ̀ èdè, mẹ́fà sì ni gbogbo wọn: A1, A2, B1, B2, C1 àti C2. Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé òyìnbó kan wá sí Ìbàdàn wá kọ́ Yorùbá.

Ní A1, ó lè kí ènìyàn ní "ẹ káàárọ̀," ó lè béèrè pé "èló ni?" Ní A2, ó lè wọ ọkọ̀ láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀ láìsọnù, kó sì sọ fún awakọ̀ ibi tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní B1, ó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lánàá àti ìdí tí inú fi bí i. Ní B2, ó lè pe ilé iṣẹ́ rédíò kó sì bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú. C1 ni ìgbà tó lè jókòó níbi ìpàdé ẹbí, tí àwọn àgbà ń fi òwe sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ ìlàjì tí wọ́n ń gbé ìlàjì mì, kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé, kó sì fèsì tó mọ́yán lórí.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ní Túrkì, ìpàdé ẹbí rẹ̀ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nípa egungun àti iṣan ara láìdúró. Bó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú A2, gbogbo ohun tó máa gbọ́ kò ju orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bá pè lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè C1.

Ní ọ̀pọ̀ TÖMER, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti A1 dé C1, bíi ogún wákàtí nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí nínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn wọ̀nyí kò sì dọ́gba. A1 máa ń yára kọjá, inú ọmọ á dùn, á ní èdè náà rọrùn. Láàárín B1 sí B2 ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró gbagidi.

Ṣé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe é?

Rárá. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ló máa pinnu. Àwọn yunifásítì bíi ODTÜ ní Ankara, Boğaziçi ní Istanbul àti Bilkent ní Ankara, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ máa fi hàn pé òun gbọ́, kì í sì í ṣe WAEC nìkan ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn: ODTÜ, fún àpẹẹrẹ, ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, èdè Túrkì ni wọ́n ń lò. Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìyókù jẹ́ Túrkì. Ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì.

Àwọn tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Türkiye Bursları láti ọdún 2012, ní ètò tiwọn. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ YTB ló ń bójú tó o. Ọdún èdè wà nínú ètò náà gan-an: ìjọba ló ń san owó kíláàsì, ó ń fún ọmọ ní owó oṣù, ibùgbé, ìtọ́jú ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí wọ́n ń retí padà ni C1 ní òpin ọdún.

Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ lọ, ọwọ́ yunifásítì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn kan ń gba B2, àwọn kan kò ní gba ohun tó bá kéré sí C1. Owó TÖMER sì sábà máa ń yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé.

Ohun méjì tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: èkíní ni TR-YÖS. Ìdánwò ìgbàwọlé ni, ìṣirò àti ìrònú ló ń dán wò, kò ní í ṣe pẹ̀lú èdè. Ẹni tó yege nínú rẹ̀ ṣì lè má gbọ́ "báwo ni" ní Túrkì. Èkejì ni Àríwá Cyprus, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà. Túrkì ni wọ́n ń sọ nígboro níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kì í ṣe ara orílẹ̀-èdè Túrkì, Túrkì nìkan ló sì kà á sí orílẹ̀-èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ fi ń kọ́ni. Bí éjẹ́ńtì bá ń pe ibẹ̀ ní Túrkì, ẹ ní kó fi àwòrán ilẹ̀ hàn yín.

Ṣé èdè náà le fún ọmọ Yorùbá?

Ó le, àmọ́ kò le bí wọ́n ṣe ń sọ. Àwọn ohun kan wà tí àwa ti mọ̀ láti ilé tí àwọn òyìnbó tó jókòó tì wá ní kíláàsì ń fi oṣù mẹ́ta bá jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Ọdún 1928 ni ìjọba Atatürk, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, fi lẹ́tà Lárúbáwá sílẹ̀ tí wọ́n mú ABD irú tiwa. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni lẹ́tà wọn, bí wọ́n bá sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń pè é. Ş wọn ni ṣ wa, kò yàtọ̀ rárá. C wọn ni j wa: "cami," tó túmọ̀ sí mọ́ṣáláṣí, jámì ni wọ́n ń pè é. Ğ kì í dún, ńṣe ló ń fa fáwẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ gùn.

Wọn kò ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ ẹni tó ti mọ̀ pé oko yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un pé àmì kékeré lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Àmì tí a ń fi sí abẹ́ lẹ́tà, orí ni àwọn ń fi tiwọn sí. "On" ni ẹẹ́wàá, "ön" ni iwájú. Bí ẹ bá fẹ́ pe ö, ẹ ká ètè yín jọ bí ẹni fẹ́ pe o, kí ẹ wá pe e láìtú ètè náà ká. Ü náà bẹ́ẹ̀: ètè fún u, ahọ́n fún i.

Ọmọ kíláàsì mi kan, tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan. Ó fẹ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ti parí, ìyẹn "Oldu mu?" Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Öldü mü?" Obìnrin tó wà nídìí tábìlì sọ bírò sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Kim öldü?" Ta ló kú? Ojú obìnrin náà ti yí padà kí ọ̀rọ̀ tó yé ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni olùkọ́ wa ti ń ní ká pe ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn ní àràárọ̀.

Àwọn lẹ́tà kan yóò dààmú wa nítorí pé Yorùbá kò ní wọn. Z ni olórí wọn. "Zaman" ni àkókò. Ẹni tó bá pè é ní "saman," koríko gbígbẹ tí màlúù ń jẹ ló dárúkọ. Ẹni tó ní òun kò ní "saman" kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

Ẹ wo "zaman" yẹn dáadáa ná. Ṣé ẹ kò rí sànmánì nínú rẹ̀? Láti inú èdè Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti mú un. "Vakit" wọn ni wákàtí wa. "Sebep" ni sábàbí. "Haber" ni làbárì. "Bereket" ni àlùbáríkà. Bí ẹ bá jókòó sí ibi oúnjẹ, wọ́n á ní "Afiyet olsun," afiyet yẹn sì jẹ́ ọmọ ìyá àlàáfíà wa. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí mo rí èyí, torí ńṣe ló dà bíi pé mo bá ojúlùmọ̀ pàdé nílẹ̀ àjèjì.

Ọ̀rọ̀ tó ń ba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù ni bí fáwẹ́ẹ̀lì ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Àfikún kan náà máa ń pààrọ̀ ẹ̀wù gẹ́gẹ́ bí fáwẹ́ẹ̀lì ọ̀rọ̀ tó bá dì mọ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì (ekmek) ni ekmekçi. Ẹni tó ń ta ẹja (balık) ni balıkçı. Ẹni tó ń ta wàrà (süt) ni sütçü. Ẹni tó ń ta igi ìdáná (odun) ni oduncu. Òyìnbó á ní kí ló dé tí kò fi jẹ́ ẹyọ kan. Àwa ńkọ́? Oní- kan náà ni a ní, síbẹ̀ ẹlẹ́ja ni a ń pè, a kì í pe oníẹja. A ń ní olówó, aláta, ọlọ́tí, elépo. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, etí wa ló mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ohun tó ń ṣe láti kékeré ni, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni tiwọn ń bọ́ sí dípò iwájú.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwa máa ń to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. "Ev" ni ilé. "Evler," àwọn ilé. "Evlerimiz," àwọn ilé wa. "Evlerimizde," nínú àwọn ilé wa. Gbólóhùn odindi nínú ọ̀rọ̀ kan, láti ẹ̀yìn ni ẹ sì gbọ́dọ̀ tú u. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, ìparí ló ń dúró sí. "Mo ra ẹja lọ́jà" á di "Pazardan balık aldım": láti ọjà, ẹja, mo rà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń sọ gbólóhùn gígùn, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó ra nǹkan ni, ó tà á ni, tàbí ó sọ ọ́ nù, títí yóò fi dé òpin. Èyí ló ń mú kí B2 le. Ó ń gba sùúrù, ó sì ń gba kí etí mọ́ ọn lára. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti rọ̀ wá lọ́rùn. "O geldi" ni ó dé. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, o kan náà ni, gẹ́lẹ́ bí ó wa. Ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ, "siz" ni wàá pè é, bí a ṣe ń lo ẹ; "sen" jẹ́ ti ẹgbẹ́ àti ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni "abi," ẹ̀gbọ́n obìnrin ni "abla," kò sì dìgbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Bí àwa ọmọ Yorùbá bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, tí a ń sọ "àbí" léraléra, àwọn ọkùnrin tó jókòó nítòsí á máa bojú wẹ̀yìn.

Àti ìkíni! Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, mo wọ ilé búrẹ́dì kan ní àárọ̀ kùtù, ọkùnrin kan ń fi pátákó gígùn kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò, òógùn bò ó. Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi kí i, torí ara mi kọ̀ kí n kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ nǹkan. Mo rántí èyí tí a kọ́ lánàá ọjọ́ náà, mo ní, "Kolay gelsin." Kí ó wá ní ìrọ̀rùn. Ẹ kú iṣẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó bi mí ibi tí mo ti wá, ó sì fa ìjókòó fún mi. Wọ́n ní "Eline sağlık" fún ẹni tó se oúnjẹ, ìyẹn ìlera sí ọwọ́ rẹ. Wọ́n ní "Geçmiş olsun" fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, "Sıhhatler olsun" fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun tàbí wẹ̀, "Başınız sağ olsun" fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, kò ní ṣàìmọ ìgbà tó yẹ kó lò wọ́n.

Níbo ni ọ̀pọ̀ ti ń há?

Inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ni. Àárọ̀ ni kíláàsì, lẹ́yìn ọ̀sán ọmọ á padà sí yàrá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta wà, wọ́n á sọ Yorùbá, wọ́n á sọ Píjìn, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì wo fíìmù. Nígbà tó bá di oṣù Kejìlá tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Ankara tàbí Erzurum, kò ní fẹ́ jáde mọ́. Á máa yege nínú ìwé kíkà àti gírámà, torí ìwé kò ṣòro fún ọmọ tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ohun tí ìdánwò ń wò: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Gbígbọ́ àti sísọ kì í sí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn òbí pé bí ọmọ bá ní òun lọ mu tíì pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹ má bínú pé kò kàwé. Ẹ̀kọ́ ló wà.

Bí C1 kò bá bọ́ sí i ńkọ́?

Ẹni tó wà lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba lè pàdánù rẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹni tó ń sanwó fúnra rẹ̀ sábà máa ń tún àtẹ̀gùn tó ti ṣubú ṣe, pẹ̀lú owó mìíràn. Ìdánwò kan tún wà tí Yunus Emre Enstitüsü, àjọ tó ń kọ́ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ní èdè àti àṣà Túrkì, ń ṣe, TYS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dípò ti TÖMER tiwọn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ èdè náà kó tó kúrò nílé lè fi irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fo ọdún hazırlık pátápátá.

Kí lẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ṣé ààyè ti wà fún ọmọ náà ní ẹ̀ka iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, tí èdè nìkan ló kù, tàbí ìwé kíláàsì èdè lásán ni wọ́n fún un? Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, orúkọ yunifásítì wà lórí méjèèjì, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní èkejì, bó bá gba C1 tán, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò wọ̀ ni. Ẹ wá orúkọ ẹ̀ka náà nínú ìwé yín: "Tıp" ni ìṣègùn, "Mühendislik" ni iṣẹ́ ẹnjiníà, "Hukuk" ni òfin, "Eczacılık" ni ti oògùn. Bó bá jẹ́ TÖMER nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ dá owó yín dúró ná, kí ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yunifásítì fúnra yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè èdè tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, àtẹ̀gùn tí wọ́n ń béèrè, àti iye tí TÖMER jẹ́ lọ́tọ̀.

Mo ka ìwé ọmọ ìyá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Tıp Fakültesi" wà níbẹ̀ kedere. Mo sọ fún wọn pé ọmọ wọlé, ọdún mẹ́fà ni ìṣègùn lóòótọ́, ọ̀kan ti èdè ló sọ ọ́ di méje. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n kọ́ àwọn ní èyí tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. A pè é nígbà mẹ́rin kí "gelsin" tó jáde geere láìsí fáwẹ́ẹ̀lì ní ìdí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, òun ń ka lẹ́tà Túrkì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ni ìyá òun bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní, "Kolay gelsin."